Ọ̀rọ̀ kan ló dá ẹjọ́ sílẹ̀: bí a ṣe ń múra dìbéètì lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ transgender

Ẹjọ́ tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ transgender máa lò wà lára ohun tó dára jù láti fi kọ́ ọmọ bí òfin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó sì wà lára èyí tó tètè ń bàjẹ́ mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, gbọ̀ngàn á ti di ọjà Òkè-Ajé: ẹnìkan ń ka Bíbélì, ẹnìkan ń ka Kùránì, ẹnìkẹta ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì tíì sí ẹni tó dárúkọ òfin kan. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ dìbéètì ní ilé ìwé girama, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Àgó-Ìwòyè tàbí Ìpẹru tó fẹ́ fi ẹjọ́ náà dánra wò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “sex”, tí wọ́n kọ sínú òfin ní ọdún 1972, ni gbogbo ìjà náà dá lé.

Ẹni tí à ń pè ní transgender ni ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni wọ́n kọ sí ìwé ìbí rẹ̀, tàbí ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n kọ. Ìtumọ̀ yìí tó fún dìbéètì. Ẹ má fi èébú kankan rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n pe ẹjọ́ wọ̀nyí nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú àwọn tí ẹ kó jọ sínú kíláàsì.

Ẹ kọ́kọ́ tún àkọlé kọ

Àkọlé tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ sójú pátákó ni “Ṣé ó yẹ kí ọkùnrin máa wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin?” Ẹ nù ún kúrò. Àbùkù méjì ló ní. Èkíní, ó ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ: ẹni tó bá gbà pé “ọkùnrin” ni ẹni náà ti gbà fún alátakò kí alátìlẹ́yìn tó la ẹnu. Èkejì, kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Nínú ẹjọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó lókìkí jù, ìyẹn ti Grimm ní Virginia, ti Adams ní Florida àti ti Whitaker ní Wisconsin, obìnrin ni wọ́n kọ sí ìwé ìbí ọmọ náà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin ló sì ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà kodò látòkèdélẹ̀ nítorí àkọlé burúkú.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Title IX ti ọdún 1972 fún akẹ́kọ̀ọ́ transgender ní ẹ̀tọ́ láti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bá bó ṣe mọ ara rẹ̀ mu.” Orúkọ òfin wà níbẹ̀ (Title IX ni òfin Amẹ́ríkà tó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí “sex” léèwọ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀), ọdún wà níbẹ̀, a sì mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn tàbí ìwà ọmọlúàbí nìkan á rí i fúnra rẹ̀ pé òun ti yà kúrò lọ́nà.

Kí ẹ tó lẹ àkọlé mọ́ ara ògiri, ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí ọ̀gá ilé ìwé. Òfin kan wà ní Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014, tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Ó tún dé orí ẹgbẹ́ wọn àti àwọn tó ń ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n òbí tó gbọ́ àhesọ lè pa méjèèjì pọ̀. Kí lẹ́tà náà sọ ọ́ kedere pé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ fẹ́ kà, kí ẹ so àwọn ìwé tí wọn yóò kà mọ́ ọn, kí ẹ sì gba ìbuwọ́lù. Kíláàsì SS2 ló kéré jù tí a lè gbà níyànjú pé kí wọ́n ṣe é.

Ìwé tí ẹ máa tẹ̀

Ẹgbẹ́ méjì, ẹni mẹ́ta mẹ́ta, onídàájọ́ mẹ́ta, olùṣọ́ àkókò kan. Ẹ̀dà mẹ́wàá ni ẹ nílò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì gan-an ni iná kì í sí.

Ojú ìwé kìíní ni òfin fúnra rẹ̀: Title IX, tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1972. Abala 1681 ló gbé e kalẹ̀: ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ tìtorí “sex” di ẹni tí a yọ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀, tàbí ẹni tí a fi àǹfààní rẹ̀ dù, tàbí ẹni tí a ṣe ìyàsọ́tọ̀ sí nínú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ abala 1686, tó ní òfin náà kò dí ilé ìwé lọ́wọ́ láti ní ibùgbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún tọkùnrin tobìnrin. Lábẹ́ ìyẹn, ẹ tẹ ìlànà 106.33 ti ọdún 1975: ilé ìwé lè ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yàrá ìpààrọ̀ aṣọ àti ilé ìwẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí “sex”, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹgbẹ́ kejì. (Apá tó gbẹ̀yìn yẹn tọ́ sí ìjókòó ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ilé ìwé tí ṣálángá ọkùnrin ní ilẹ̀kùn tí ti obìnrin kò ní kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn ọmọ wa, wọ́n á sì mọ ohun tí “dọ́gba” túmọ̀ sí ju bí adájọ́ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.)

Ojú ìwé kejì ni gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú abala kìíní Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, ti ọdún 1868: ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ fi ààbò òfin tó dọ́gba du ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ wọ̀nyí máa ń gun ẹṣin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Title IX àti Àtúnṣe Kẹrìnlá. Ọmọ tó bá mú ọ̀kan tó gbàgbé ìkejì ti fi ìdajì àmì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyókù ni ìdájọ́ méjì, Grimm ti ọdún 2020 àti Adams ti ọdún 2022. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì lórí ìkànnì ilé ẹjọ́. Ẹ má tẹ gbogbo rẹ̀ o. Ti Adams nìkan ju ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ pẹ̀lú ohun tí àwọn adájọ́ tí kò fara mọ́ ọn kọ. Láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ìtàn ẹjọ́, apá tó sọ̀rọ̀ Àtúnṣe Kẹrìnlá, apá tó sọ̀rọ̀ Title IX, àti ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ nínú èrò àwọn adájọ́ tó takò ó. Ẹni tó bá ka ìdájọ́ tí kò ka àtakò inú rẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n ń sọ pé ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ túmọ̀

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, pàápàá bí dìbéètì bá jẹ́ ní Yorùbá, tàbí bí àwọn ọmọ bá ń ronú ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ni “sex” nínú òfin yẹn? Bí ọmọ bá túmọ̀ rẹ̀ sí “bí wọ́n ṣe bí ẹni, lákọ tàbí lábo”, ó ti gbé ìdájọ́ fún alátakò. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “bí ẹni ṣe jẹ́, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin”, ó ti ṣílẹ̀kùn fún alátìlẹ́yìn. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan tó dúró láàárín méjèèjì láìfì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà ẹ fi “sex” sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n wá jà lé lórí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀, tí á sì fi ẹ̀rí gbè é.

Èdè wa gbà wá lọ́wọ́ wàhálà kan, síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ń tọ́ka sí ènìyàn. “Ó” àti “òun” ti wa kò yà wọ́n. Ọmọ tó bá ń sọ Yorùbá lè sọ ẹjọ́ Grimm láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣẹ ẹnikẹ́ni, bí ó bá ṣáà ti dúró lórí “akẹ́kọ̀ọ́ náà”. Ẹ lo àǹfààní yẹn.

Grimm: bí ẹjọ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ya ìlà ọdún sójú pátákó fún ẹjọ́ yìí, nítorí ọdún ni wọ́n máa ń ṣì.

Gavin Grimm ń lọ ilé ìwé girama Gloucester ní Virginia. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti yí orúkọ rẹ̀ padà, ọ̀gá ilé ìwé sì gbà á láàyè láti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin. Ó lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méje, wàhálà kankan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ariwo àwọn òbí ló gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwé ní ìparí ọdún 2014, ìgbìmọ̀ sì dìbò mẹ́fà sí ọ̀kan pé kí ó máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aládàánìkanlò. Ó pẹjọ́ ní ọdún 2015.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àgbègbè kẹrin, tí Virginia wà lábẹ́ rẹ̀, dá a láre. Kì í ṣe pé wọ́n túmọ̀ Title IX fúnra wọn. Wọ́n ní ó tọ́ kí àwọn tẹ̀ lé ìtumọ̀ tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìlànà 106.33. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìjọba Obama fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé ìwé káàkiri pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba Trump fa lẹ́tà náà ya. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fagi lé ìdájọ́ ọdún 2016, wọ́n ní kí ẹjọ́ padà lọ sílẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ sórí lẹ́tà wó nígbà tí lẹ́tà lọ.

Ìdájọ́ ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni kí ẹ mú lò. Adájọ́ méjì sí ọ̀kan ló gbà pé ìgbìmọ̀ náà rú Title IX àti Àtúnṣe Kẹrìnlá. Adájọ́ Floyd ló kọ ọ́. Adájọ́ Niemeyer takò ó, ó ní ilé ìwé ṣe ohun tí ìlànà 106.33 yọ̀ǹda fún un gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní oṣù kẹjọ, ìgbìmọ̀ gbà láti san mílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹgbẹ̀rún dọ́là fún owó agbẹjọ́rò. Grimm ti jáde ilé ìwé láti ọdún 2017.

Adams: òfin kan náà, ìdájọ́ òdìkejì

Drew Adams wọ ilé ìwé girama Nease ní Florida ní ọdún 2015. Ó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin méjì tó fẹjọ́ sùn, ni ilé ìwé bá ní kó yan ti obìnrin tàbí èyí tí kò jẹ́ ti ẹnìkan. Ó borí ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 2018, ó tún borí níwájú adájọ́ mẹ́ta ti àgbègbè kọkànlá. Lẹ́yìn náà ni gbogbo adájọ́ àgbègbè náà jókòó pọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2022, adájọ́ méje sí mẹ́rin dá ilé ìwé láre.

Adájọ́ Lagoa tó kọ ìdájọ́ náà gbé e ka orí ohun mẹ́ta, kí àwọn ọmọ sì kọ ọ́ sórí: pé ìtumọ̀ “sex” ní ọdún 1972 ni bí wọ́n ṣe bí ènìyàn, pé bí ìtumọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ bí ẹni ṣe mọ ara rẹ̀, abala 1686 àti ìlànà 106.33 á di ọ̀rọ̀ asán. Àti pé bíbo àṣírí ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù jẹ́ ìdí pàtàkì tí ìjọba lè fi ya ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sọ́tọ̀. Adájọ́ Jill Pryor wà lára àwọn tó takò ó. Ẹ jẹ́ kí alátìlẹ́yìn ka tirẹ̀ dáadáa.

Ẹ wá so ó mọ́lẹ̀ báyìí kí ó lè yé wọn. Àgbègbè kẹrin ló ni Maryland àti Virginia. Àgbègbè kọkànlá ló ni Georgia, Florida àti Alabama. Ìdílé Ìjẹ̀bú kan lè ní ẹ̀gbọ́n ní Maryland àti àbúrò ní Atlanta: Title IX kan náà ló de àwọn ọmọ wọn, ìtumọ̀ méjì ni wọ́n ń fún un. Bí àwọn ọmọ bá béèrè pé “ta ló wá tọ̀nà?”, ìdáhùn ni pé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ nìkan ló lè parí irú ìyapa bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbé kalẹ̀

Alátìlẹ́yìn ní ọ̀nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni Bostock, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2020, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta: ọ̀gá kò lè lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó jẹ́ transgender láìwo “sex” rẹ̀. Wọ́n á ní gbólóhùn Title IX jọ ọ́. Ìkejì, ìlànà 106.33 gba ilé ìwé láàyè láti ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, kò sọ ẹni tó máa wọ èwo. Ìkẹta ni ìpalára: ó wà nínú ìwé ẹjọ́ pé Grimm ń sá fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ fi ń yọ ọ́ lẹ́nu, àti pé yíya ọmọ kan sọ́tọ̀ sí yàrá tirẹ̀ ń sọ fún gbogbo ilé ìwé pé ohun kan wà lára rẹ̀ tó yẹ kí a sá fún. Ìkẹrin, ilẹ̀kùn wà lẹ́nu ibi tí kálukú ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ àṣírí ara kò wá ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Alátakò náà ní tirẹ̀. Ìtumọ̀ ọdún 1972 ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni pé Bostock fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, àti pé òfin iṣẹ́ ti ọdún 1964 ni, kì í ṣe òfin ilé ìwé. Ìkẹta ló jinlẹ̀ jù, òun ni àwọn ọmọ sì máa ń gbàgbé: Title IX jẹ́ àdéhùn lórí owó. Láti ìgbà ẹjọ́ Pennhurst ní ọdún 1981 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ pé bí ìjọba àpapọ̀ bá so òfin mọ́ owó tó fún ìpínlẹ̀, òfin náà gbọ́dọ̀ hàn kedere kí ẹni tó ń gba owó mọ ohun tó fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ń dá àjọ máa yé e: olórí àjọ kò lè kó owó ọdún kan tán kó tó sọ òfin tí kò sí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìkẹrin ni àṣírí ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, pẹ̀lú àlàyé pé ilé ìwé pèsè yàrá aládàánìkanlò.

Lórí Àtúnṣe Kẹrìnlá, ìbéèrè kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì máa dáhùn. Bí ìjọba bá ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí “sex”, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun pàtàkì ni òun ń lépa, àti pé ọ̀nà tí òun gbà bá ohun náà tan dáadáa. Ẹjọ́ Craig ti ọdún 1976 ló fi ìwọ̀n náà lélẹ̀. Ẹjọ́ Virginia ti ọdún 1996 tún un mú le. Ẹ̀yà kejì ìbéèrè yẹn, “ṣé ọ̀nà náà bá a tan?”, ni ìjà wà. Kò sí ẹni tó jiyàn pé àṣírí ara kò ṣe pàtàkì. Bóyá lílé ọmọ kan jáde ló ń pa á mọ́ ni wọ́n ń bi ara wọn.

Ibi tí wọ́n máa ń kọsẹ̀

“Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti dá Grimm láre ní 2021.” Rárá. Kíkọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ kì í ṣe ìdájọ́. Bákan náà ni ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ìpínlẹ̀ South Carolina bẹ ilé ẹjọ́ náà pé kó dá àṣẹ kan dúró, èyí tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin. Ilé ẹjọ́ kọ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kíkọ̀ yìí kì í ṣe ìdájọ́ lórí kókó ẹjọ́. Àmì márùn-ún ni ká yọ lára ẹni tó bá pè é ní ìṣẹ́gun.

Wọ́n tún máa ń pe ìlànà ìjọba ní òfin. Ìlànà ìjọba Biden, tó mú akẹ́kọ̀ọ́ transgender wọ abẹ́ ààbò Title IX, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ dá a dúró ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, adájọ́ kan ní Kentucky sì fagi lé e pátápátá ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2025. Ọjọ́ 20 oṣù náà ni Ààrẹ Trump bọwọ́ lu àṣẹ tirẹ̀ tó gba òdìkejì. Ohun tó ń yí padà bí ìjọba bá ti yí padà kò ṣeé fi ṣe òpó ilé.

Ẹjọ́ Skrmetti ti oṣù kẹfà ọdún 2025 náà ń tàn wọ́n jẹ. Oògùn àti ìtọ́jú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ní Tennessee ni wọ́n jà lé lórí níbẹ̀. A lè fà á yọ láti sọ bí ilé ẹjọ́ ṣe ń ronú, a kò lè sọ pé ó parí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Eré ìdárayá pẹ̀lú, ọ̀tọ̀ ni. Ìwọ̀n ara àti agbára ni wọ́n ń bá ara wọn fà níbẹ̀. Àṣírí ara ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Bí ọmọ kan bá ní ẹ̀gbọ́n ní London tó ní “ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ọ́”, ẹ bi í pé ti ibo. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2025, adájọ́ márùn-ún ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò pé “sex” nínú òfin ìdọ́gba ọdún 2010 wọn túmọ̀ sí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn. Òfin tiwọn ni, kò de adájọ́ kankan ní Amẹ́ríkà. Àwọn náà tún ní ìlànà ọdún 2012 fún ilé ìwé ní England: láti ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin àti ti obìnrin gbọ́dọ̀ yàtọ̀, àfi bó bá jẹ́ yàrá tí ẹnìkan ṣoṣo ń lò tó sì ṣeé tì láti inú. Àfi yẹn dára púpọ̀ fún ìbéèrè àwọn onídàájọ́: ṣé kíkọ́ yàrá bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ á pa ẹjọ́ náà run?

Nílé ńkọ́?

Ẹnìkan á béèrè. Ìdájọ́ Amẹ́ríkà kò de ilé ẹjọ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Adájọ́ wa lè kà á, kó sì gba ohun tó bá wù ú nínú rẹ̀. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ọ̀rọ̀ “sex” nínú, ó sì fi kún un pé “nítorí kìkì pé” ẹni náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin wo iṣẹ́ tí “kìkì” yẹn ń ṣe, nítorí Title IX kò ní in. Abala 37 ló ń dáàbò bo ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2006. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún èyí, lẹ́yìn dìbéètì.

Àkókò, àmì àti ọjọ́ náà

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ẹ fi múra. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, gbogbo ọmọ mẹ́fà ka gbogbo ìwé, kò sí ẹni tó mọ ẹgbẹ́ tó máa wà. Ọjọ́ kẹfà ni ẹ fi owó ẹyọ pín wọn. Ọjọ́ kẹwàá, ẹ pààrọ̀ ẹgbẹ́ fún ìdánrawò kan ṣoṣo, kí ẹ sì dá wọn padà. Ìpààrọ̀ yẹn ló ń pa èébú run ju ìkìlọ̀ lọ: ẹni tó ti gbẹnu sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́jọ́ kan kì í bú u mọ́ lọ́la, ẹni tó sì ti gbẹnu sọ fún òbí tó ń bẹ̀rù kì í pè é ní òǹrorò.

Lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́fà fún olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Olùsọ̀rọ̀ kìíní gbé Title IX, ìkejì gbé Àtúnṣe Kẹrìnlá, ìkẹta fèsì nìkan, kò mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. “Alága, ẹ̀yin onídàájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò tí kì í tan ni jẹ, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi” lè jẹ ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ gé e sí gbólóhùn kan. Nínú ọgọ́rùn-ún àmì, ẹ fún ìrònú ní 40, òtítọ́ ọdún àti orúkọ ẹjọ́ ní 25, èsì ní 25, bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ ní 10. Ẹni tó bá fi ọmọ inú ẹjọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pàdánù 20 lójú ẹsẹ̀, alága sì kéde rẹ̀ sétí gbogbo gbọ̀ngàn. Ẹ má ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ kan lè wà láàárín àwọn tó ń gbọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, tí ẹ kò sì mọ̀.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ tún wo ìkànnì ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n gbà láti gbọ́ ẹjọ́ eré ìdárayá méjì, ọ̀kan láti Idaho, ọ̀kan láti West Virginia, ohun tí wọ́n bá sì sọ níbẹ̀ nípa “sex” nínú Title IX lè kan gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ti kọ́ sórí. Bí ìdájọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹ fún wọn ní wákàtí kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ìdájọ́ náà sójú pátákó lábẹ́ àkọlé kí olùsọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dìde.